Bí a ṣe ń to àkójọ orin oríṣiríṣi tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ yóò gbọ́ dé ìparí

A máa ń to ogójì orin jọ, a ó fi líǹkì rẹ̀ sí orí WhatsApp ẹbí, gbogbo ènìyàn yóò dúpẹ́, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ kejì, orin kẹta ni wọ́n dé tí wọ́n fi dáwọ́ dúró. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ rí i ṣí. Orin náà kọ́ ló burú. Bí a ṣe tò ó àti bí a ṣe fi í ránṣẹ́ ni kò dára, pàápàá nígbà tí àpàlà, jùjú, háíláìfù, fújì, Afrobeat, orin ìyìn àti orin ilẹ̀ òkèèrè bá jọ wà lójú kan.

Ó dá mi lójú pé irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ṣeé gbọ́ tán. Iṣẹ́ tó le níbẹ̀ kọ́ ni yíyan orin. Ibi tí orin kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ìdí nìyí tí ìpele kẹrin nísàlẹ̀ yìí fi gùn ju àwọn yòókù lọ.

Ohun tí ẹ nílò

- Áàpù orin tí ẹni tí ẹ fẹ́ fún ní orin náà ń lò: Spotify, Audiomack, Boomplay, Apple Music tàbí YouTube. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.
- Ìwé àti bírò. Orí ìwé ni a ti ń to orin kí a tó gbé e sí orí fóònù.
- Sípíkà kan, kékeré náà tó. Ẹ má fi earpiece nìkan ṣe gbogbo rẹ̀.
- Ẹnì kan tí yóò bá yín dán líǹkì wò. Bí ẹ bá ní ènìyàn ní òkè òkun, òun ló dára jù.
- Fláàṣì, bí ẹni tí ẹ ń tò ó fún kì í bá fi íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́ orin.
- Ọjọ́ méjì, kì í ṣe wákàtí kan. Etí tó ti rẹ̀ kì í mọ ibi tí orin ti takora.

Ìpele 1: Ẹ mú ẹnì kan àti àkókò kan

Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé: ta ni yóò gbọ́ ọ, kí ló ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà, ìṣẹ́jú mélòó ló ní? "Bùọ̀dá mi, nínú ọkọ̀, láti Ìbàdàn lọ sí Èkó" dára. "Àǹtí wa ní London, tó bá ń dáná lọ́jọ́ Sátidé" dára. "Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn orin" kò dára, nítorí kò sí orin tí ẹ lè yọ kúrò nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń fi àkójọ náà hàn bí wọ́n ṣe mọ orin tó. Àwo tó ṣọ̀wọ́n, olórin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, orin mẹ́wàá léra wọn tí olùgbọ́ kò mọ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni yẹn yóò bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ọ.

Ọgọ́ta sí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ló tó. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ ọ́ di méjì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ṣé ẹ lè ka ohun tí ẹ kọ náà ní gbólóhùn kan, kí orúkọ ènìyàn, ibi tó wà àti iye ìṣẹ́jú wà nínú rẹ̀? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì lọ sí ìpele kejì.

Ìpele 2: Ẹ kó ọgbọ̀n orin jọ, kí ẹ gé e ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Wíwá orin àtijọ́ lórí áàpù ló ń dá ènìyàn lágara, ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ orúkọ olórin ló sì ń fà á. Ẹ má fi àmì ohùn wá a. Ẹ kọ "Haruna Ishola", kí ẹ tún dán "Haruna Isola" wò. Sikiru Ayinde Barrister lè wà lábẹ́ "Ayinde Barrister", lábẹ́ "Sikiru Ayinde", tàbí kí oyè wà níwájú orúkọ rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí Ayinla Omowura ní ọ̀nà kan, ẹ kọ "Omowura" nìkan. Ojúewé olórin kan ṣoṣo lè pín sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí áàpù kan náà, kí àwo kan wà níbí, kí òmíràn wà lọ́hùn-ún.

Tí ọgbọ̀n bá ti pé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Olórin kan kò gbọdọ̀ ní ju orin méjì lọ, bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ó máa ń dùn mí láti gé, ṣùgbọ́n orin kẹta olórin kan náà ni olùgbọ́ máa ń fò.

Ẹ kíyè sára: ẹ gbọ́ orin kọ̀ọ̀kan tán pátápátá kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Àwọn olórin àpàlà àti fújì àtijọ́ máa ń fi orin bá ara wọn jà. Orin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà lè di èébú ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá. Òmíràn a sì fi ìdajì àkókò rẹ̀ ki oríkì ọlọ́lá kan tí ìdílé yín lè má fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bí àgbà àti ọmọdé bá jọ wà nílé, ẹ tún fetí sí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi àṣírí bò. Àwọn àgbà gbọ́ ọ dáadáa jù yín lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí kó dín. Kò sí olórin tó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹ ti gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan dé òpin rẹ̀.

Ìpele 3: Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ orin gígùn

Ní ayé rẹ́kọ́ọ̀dù, ojú kan àwo jùjú tàbí fújì lè jẹ́ orin kan ṣoṣo láìdúró, ìṣẹ́jú méjìdínlógún sí ogún. Bí wọ́n ṣe gbé e sí orí áàpù náà nìyẹn. Orin Fela náà rí bẹ́ẹ̀; ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ojú àwo kan tán. Ẹ kó mẹ́ta irú rẹ̀ jọ, wákàtí kan ti lọ, ẹ kò sì tíì fún olùgbọ́ ju oríṣi orin méjì lọ.

Òfin tí mo ń tẹ̀ lé ni pé orin gígùn lápapọ̀ kò gbọdọ̀ gba ju ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò lọ. Nínú ọgọ́rin ìṣẹ́jú, orin ogún ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ló lè wọlé. Ẹ fi sí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìrìn náà, lẹ́yìn tí ara ti balẹ̀, má ṣe fi sí ìbẹ̀rẹ̀ láé. Ẹ tún wá a bóyá àwo tí wọ́n tún tẹ̀ jáde lẹ́yìn náà ti pín in sí orin kéékèèké, nítorí ó máa ń ṣẹlẹ̀.

Bí fáìlì orin náà bá wà lọ́wọ́ yín gan-an, tí ẹ rà á tàbí tí ẹ gbé e kúrò lórí CD yín, ẹ lè fi Audacity, áàpù kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé ohùn, gé e, ọ̀fẹ́ ni. Ibi tí ìlù nìkan ń sọ̀rọ̀ ni kí ẹ ti gé e. Ẹ má gé oríkì sí méjì. Ẹni tó gbọ́ dùndún yóò mọ̀ pé wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ìlù lẹ́nu.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ kọ ìṣẹ́jú orin kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, kí ẹ ṣírò àpapọ̀ rẹ̀. Ṣé ó bá iye tí ẹ kọ ní ìpele kìíní mu?

Ìpele 4: Ẹ so orin pọ̀ mọ́ra

Ìhín ni iṣẹ́ gan-an wà. Ọ̀pọ̀ máa ń kó gbogbo jùjú sí ibì kan, fújì sí ibòmíràn, orin ìyìn sí ìparí. Ẹni tí kò fẹ́ràn fújì yóò fo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní padà wá. Àwọn mìíràn a da wọ́n pọ̀ láìwo ohun tó so wọ́n: sákárà tó ń rọra rìn pẹ̀lú gòjé, kí orin ijó àwọn ọmọ ìwòyí bú jáde lé e lórí. Olùgbọ́ yóò na ọwọ́ sí fóònù.

Ẹ wá nǹkan kan ṣoṣo tó wà nínú orin méjèèjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Ọ̀kan péré ti tó.

Ohun èlò ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Fèrè idẹ ló so háíláìfù mọ́ Afrobeat: ẹ fi orin Victor Ọláìyá, ẹni tí fèrè rẹ̀ jẹ́ ẹ̀mí ẹgbẹ́ rẹ̀, síwájú orin Fela, etí kò ní fura, nítorí inú háíláìfù ni Fela fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Orin country ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ àgbà wa fẹ́ràn kì í jìnnà sí jùjú bí a ṣe rò: gìtá tó ń ké fàà, èyí tí wọ́n ń pè ní steel guitar, wà nínú country, King Sunny Adé sì gbé e wọ inú jùjú. Ẹ fi country síwájú, kí gìtá yẹn parí rẹ̀, kí jùjú tí gìtá kan náà wà nínú rẹ̀ gbà á. Bí mo bá ṣe é fún àwọn àgbà, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bi mí pé ta ló to orin yìí.

Agogo náà ń gbé ni jìnnà. Àpàlà tí agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti ń dún kedere lè tẹ̀ síwájú sí ijexá ti ìlú Salvador ní Brazil, èyí tí Filhos de Gandhy, ẹgbẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté dá sílẹ̀ ní 1949, fi ń jó lójú títì nígbà ayẹyẹ kánífáàlì. Orúkọ Ìjẹ̀ṣà ṣì wà lára ìlù náà, agogo ló sì ń darí rẹ̀. Olùgbọ́ yín yóò rò pé òun ṣì wà nílé, kó tó gbọ́ pé èdè ti yí padà. Orin bàtá ti Cuba náà ṣeé fi sí irú ibẹ̀, ṣùgbọ́n orin òrìṣà ni. Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń tò ó fún.

Ọ̀rọ̀ inú orin tún ń so orin pọ̀: orin nípa ìyá, nípa iṣẹ́, nípa ọpẹ́. Èyí ni mo máa ń lò láti wọ inú orin ìyìn. Orin Ebenezer Obey tó kún fún ìmọ̀ràn àti ọpẹ́ lè ṣí ilẹ̀kùn fún orin ìjọ. Òun fúnra rẹ̀ bọ́ sí iṣẹ́ ìhìnrere lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún nínú jùjú. Ní ọwọ́ kejì, inú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn Mùsùlùmí fún sààrì ni fújì ti jáde, nítorí náà wákà tàbí orin ìyìn Ànábì máa ń bọ́ sínú fújì àtijọ́ láìsí wàhálà. Nínú ìdílé tí Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ti ń jẹun pọ̀, ẹ fi méjèèjì sí i. Ẹ má fi ọ̀kan parí àkójọ náà kí ẹ sì gbàgbé èkejì.

Ìyára ni kẹ́yìn, òun náà ló sì ń da ọ̀pọ̀ nǹkan rú. Ẹ fi ẹsẹ̀ ka ìlù fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Bí orin méjì tó tẹ̀ lé ara wọn bá fi ju nǹkan bí 20 lọ yàtọ̀, ẹ wá orin kan sí àárín wọn. Bí kò bá sí, ẹ wá orin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn nìkan, tàbí oríkì láìsí ìlù. Irú ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń fọ etí mọ́, orin tó bá sì tẹ̀ lé e lè yára tàbí kó rọra bó ṣe wù ú. Ẹ fi ọ̀kan sí i lẹ́yìn orin mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ lórí orin àkọ́kọ́: kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, kó sì jẹ́ èyí tí olùgbọ́ ti mọ̀ tó sì fẹ́ràn. Orin tí kò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkejì tàbí ìkẹta, ẹ má sì ṣe to mẹ́ta irú rẹ̀ léra wọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ má gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ gbọ́ ogún ìṣẹ́jú-àáyá tó kẹ́yìn orin kan àti ogún àkọ́kọ́ orin tó tẹ̀ lé e, láti òkè dé ìsàlẹ̀, lórí sípíkà. Ibi tí ara yín bá ti ta kìjí, ẹ sàmì sí i. Ẹ sùn lé e, kí ẹ tún un tò ní ọjọ́ kejì. Àmì tó bá ju mẹ́ta lọ túmọ̀ sí pé orin kan wà tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Nígbà púpọ̀, òun náà ni ẹ fẹ́ràn jù.

Ìpele 5: Ẹ mú ohùn wọn dọ́gba

Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1960 kì í dún tó ti òde òní. Spotify àti àwọn mìíràn ní ètò tó ń mú un dọ́gba. Ẹ wá "Normalize volume" nínú ètò áàpù náà kí ẹ tàn án. Tó bá jẹ́ fáìlì yín ni, MP3Gain tàbí Audacity yóò ṣe é.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi ohùn sí ibi kan, kí ẹ gbọ́ orin àtijọ́ kan àti tuntun kan. Ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ lọ síbi bọ́tìnì ohùn.

Ìpele 6: Ẹ fi sí orí áàpù, kí ẹ sì dán líǹkì wò

Ẹ tò ó bó ṣe wà lórí ìwé. Ẹ fún un ní orúkọ tó sọ ìgbà tí a ó gbọ́ ọ: "Orin ọ̀nà Èkó" ju "My Mix 4" lọ.

Àwọn ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ nìyí:

Lórí YouTube, àkójọ tó bá wà ní Private kò ní ṣí fún ẹlòmíràn. Ẹ yí i sí Unlisted bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ ẹni tó ní líǹkì nìkan ni yóò rí i. Ẹ rántí pé ẹni tí kò sanwó fún YouTube, orin rẹ̀ yóò dúró bí ojú fóònù bá ti kú, fídíò a sì máa jẹ dátà. Kò dára fún ẹni tó ń wakọ̀.

Lórí Apple Music, ẹni tí kò sanwó kò ní gbọ́ orin tán. Áàpù mìíràn wà tó ń da ètò orin rú fún ẹni tí kò sanwó, nítorí náà ẹ sọ fún olùgbọ́ kó pa shuffle. Gbogbo iṣẹ́ ìpele kẹrin yóò ṣòfò bí kò bá pa á.

Lórí Spotify, líǹkì tí ẹ fi ń pín orin àti èyí tí ẹ fi ń pe ènìyàn wá bá yín tò ó kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ẹ bá fi èkejì sí orí WhatsApp ẹbí, ẹnikẹ́ni lè fi orin kún un tàbí kó yọ ọ́. Crossfade, ètò tó ń da ìparí orin kan pọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, tí ẹ tàn sí orí fóònù yín kò sì ní bá líǹkì rìn. Tí ẹ bá gùn ún jù, ó ń bo ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lẹ́nu ìlù mọ́lẹ̀. Ẹ pa á nígbà tí ẹ bá ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti dátà: ní 96 kbit/s (ìwọ̀n dídára ohùn tí ẹ yàn nínú áàpù), wákàtí kan gba nǹkan bí MB 43, ní 320 kbit/s, ó di 144. Ẹni tó bá ń rà á díẹ̀díẹ̀ yẹ kó mọ èyí kó tó bẹ̀rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ṣí líǹkì náà ní ojú ìwé incognito tí ẹ kò ti wọlé. Lẹ́yìn náà ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní òkè òkun, kó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ fún yín. Ẹ̀tọ́ orin lè jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan ní Nàìjíríà àti ti òmíràn ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà orin tó ń dún níbí lè má dún lọ́hùn-ún. Ẹ wá àwo mìíràn tí orin náà wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Ìpele 7: Fláàṣì fún ẹni tí kò lo íntánẹ́ẹ̀tì

Orin tí ẹ "download" nínú Spotify tàbí Apple Music kì í ṣe fáìlì tí ẹ lè gbé jáde. Ẹ má fi wákàtí méjì wá a nínú fóònù. Orin tí ẹ rà ní MP3 tàbí tí ẹ gbé kúrò lórí CD yín nìkan ni yóò lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ta fláàṣì tó kún fún orin lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀ tó ń dé ọwọ́ olórin tàbí ìdílé rẹ̀, ẹ jẹ́ ká rà á níbi tí owó yóò ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ fọ́ọ̀mátì fláàṣì náà sí FAT32 kí ẹ tó kó orin sí i, nítorí ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ kì í ka NTFS, oríṣi fọ́ọ̀mátì mìíràn. Ẹ fi 01, 02, 03 síwájú orúkọ fáìlì, láìsí àmì ohùn àti láìsí ẹ, ọ, ṣ, nítorí rédíò lè sọ wọ́n di ìdọ̀tí. Rédíò mìíràn kì í wo nọ́ńbà. Bí ẹ ṣe gbé fáìlì wọlé ló ń tẹ̀ lé. Ẹ gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti orí 01.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ má tíì bọ́ sínú ọkọ̀ ẹni náà. Ẹ bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn, kí ẹ gbọ́ orin mẹ́ta àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn.

Ìpele 8: Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi bá a lọ

Ẹ má fi líǹkì nìkan ránṣẹ́. Gbólóhùn mẹ́ta ti tó: ìgbà tí ẹ fẹ́ kó gbọ́ ọ, orin kan tó yẹ kó dúró dè àti ìdí, kí ẹ sì rán an létí nípa shuffle. "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Orin ọgọ́rin ìṣẹ́jú nìyí fún ìgbà tí ẹ bá ń dáná. Orin keje ni ẹ fetí sí, mo rò pé ẹ̀yin ni ẹ máa ń kọ ọ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa shuffle." Ẹ fi í ránṣẹ́ sí ẹni náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe sí àárín ẹbí, níbi tí àwọn àwòrán ọjọ́ ìbí yóò ti bò ó mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má béèrè bóyá ó dùn. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò dùn. Ẹ béèrè pé orin wo ni wọ́n ń gbọ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pa á, kí ẹ sì tún ìsopọ̀ tó wà ṣáájú orin yẹn ṣe.